Ọ̀ràn Jong Tae-se: Aṣọ tí agbábọ́ọ̀lù wọ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 2010, Super Eagles fẹsẹ̀ wọnsẹ̀ pẹ̀lú Kòríà Àríwá ní pápá ìṣeré Makhulong ní Tembisa, nítòsí Johannesburg, láti fi gbára dì fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí ọjọ́ náà ni èrò tó ya lu ẹnu ọ̀nà pápá, tí wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, tí àwọn kan sì fara gbọgbẹ́. Àmì ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan ni Nàìjíríà fi borí. Atamátàsé Kòríà Àríwá, Jong Tae-se, kì í ṣe ọmọ tí wọ́n bí sí Pyongyang, olú ìlú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé rí. Nagoya, ní orílẹ̀-èdè Japan, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1984, ti Kòríà Gúúsù sì ni ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, kí wọ́n tó kojú Brazil ní Ellis Park, bí wọ́n ṣe ń kọ orin orílẹ̀-èdè Kòríà Àríwá ni omijé ń dà lójú ọkùnrin yìí wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, tí kò sì nù ún. Gbogbo ayé rí i. Brazil borí wọn pẹ̀lú àmì ayò méjì sí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ẹkún Jong ni àwọn ènìyàn ń sọ káàkiri. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nígbà tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Bochum àti Köln ní Jámánì, tó sì wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Suwon Samsung Bluewings ní Kòríà Gúúsù, àwọn kan gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ bá ìjọba pé ó ti yin olórí Kòríà Àríwá nígbà kan rí, àti pé ó rú òfin ààbò orílẹ̀-èdè. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tẹ́wọ́ gba ẹ̀sùn náà, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbẹ̀yìn, wọn kò gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ríbi wọlé rárá, àti pé orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Japan àti Kòríà méjèèjì, tó da ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Kòríà inú Japan rú kò lẹ́nu láti bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ní láti padà sí ọdún 1910, nígbà tí Japan gba Kòríà, tó sì sọ gbogbo àwọn ènìyàn ibẹ̀ di ọmọ abẹ́ ọba Japan. Àwọn kan wá iṣẹ́ lọ sí Japan fúnra wọn, wọ́n sì fi tipá kó àwọn mìíràn lọ sí ibi ìwakùsà àti ilé iṣẹ́ lákòókò ogun. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1945, àwọn ọmọ Kòríà tó wà ní Japan tó bíi mílíọ̀nù méjì. Ọ̀pọ̀ jù lọ padà sílé, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀kẹ́ ọgbọ̀n ènìyàn kò lọ. Ní ọdún 1952, ìjọba Japan gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì di àlejò níbi tí wọ́n ti ń san owó orí. Ìlú tí wọ́n ti wá ti pín sí méjì nígbà náà, ogun abẹ́lé sì ń jà á lọ́wọ́. Títí di òní, ẹni tí wọ́n bá bí sí Japan kì í di ọmọ Japan nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí nìkan.

Nínú ipò yìí, ẹgbẹ́ kan tó fara mọ́ Pyongyang, Chongryon, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1955, ló ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ èdè Kòríà. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyá Jong fi í sí, ó sì ka yunifásítì wọn ní Tokyo. A kò ní díbọ́n nípa àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí: wọ́n a máa gbé àwòrán àwọn olórí ìdílé Kim kọ́ sára ògiri, ìjọba tí ìdílé náà ń ṣe sì burú jáì. Ṣùgbọ́n ta ló tún kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ wọn? Owó tí Pyongyang fi ránṣẹ́ nígbà tí àwọn yòókù kọ̀yìn sí wọn kò lè ṣàì ra ìfẹ́. Títí di àárín ọdún 1990 sí 1999, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ girama wọn kò lè kópa nínú ìdíje gbogboogbò ti Japan. Nígbà tí Japan sì bẹ̀rẹ̀ ètò ilé ẹ̀kọ́ girama ọ̀fẹ́ ní ọdún 2010, wọ́n dá ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ Kòríà yìí dúró, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò pátápátá ní ọdún 2013. Òbí àwọn ọmọ yìí ń san owó orí bíi ti aládùúgbò wọn. Bí inú ìjọba Japan kò bá dùn sí àwòrán ara ògiri, kí ó bá Chongryon fà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń kọ́ ìṣirò kọ́ ló yẹ kó san gbèsè rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ṣebí ọ̀nà mìíràn wà, kí onítọ̀hún gba ìwé ọmọ onílùú Japan, kí wàhálà tán. Lee Tadanari, agbábọ́ọ̀lù tí òun náà jẹ́ ọmọ Kòríà inú Japan, gbà á ní ọdún 2007. Orúkọ Japan ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọmọ Japan gan-an ló wá fi orúkọ ìdílé rẹ̀, Lee, sínú ìwé. Ìgboyà nìyẹn. Ní àṣekágbá ìdíje ife Éṣíà ní Doha, oṣù kìíní ọdún 2011, wọ́n mú un wọlé ní àfikún àkókò láti kojú Australia. Ní ìṣẹ́jú 109, Nagatomo, ọ̀kan nínú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti apá òsì. Lee dá dúró láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọ inú àwọ̀n kí ó tó kanlẹ̀. Japan gba ife. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó dé ẹgbẹ́ Urawa Reds, àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà kan gbé aṣọ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ìjókòó wọn, tí àkọlé rẹ̀ ń sọ pé ará Japan nìkan ni àyè wà fún. Àjọ J.League, tó ń darí líìgì Japan, fìyà jẹ Urawa, wọ́n ní kí wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan láìsí òǹwòran, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú líìgì náà. Ìwé ọmọ onílùú nìkan kò tíì parí wàhálà.

Kí àwa náà má fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tí kò kàn. Bí ọmọ bá dára, ti bàbá ni. Bó bá bàjẹ́, ti ìyá rẹ̀ ni. Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, yan England, ó gbá pẹnáritì kan nù ní àṣekágbá ìdíje Yúróòpù ní ọdún 2021, òru ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀. Àwọn kan nílé ń yọ̀, wọ́n ní ó yẹ ẹ́. Ademola Lookman, tí wọ́n bí sí London bákan náà, gba ife ayé àwọn tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún pẹ̀lú England ní ọdún 2017, ó sì wá sọ́dọ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2022. Àwa la kọ́kọ́ pariwo nígbà tó di agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ ní Áfíríkà ní ọdún 2024. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò jalè. Òfin FIFA fàyè gba ohun tí wọ́n ṣe, bí ó ṣe fàyè gba Jong láti wọ aṣọ Kòríà Àríwá. Àǹfààní tí tiwa ní ju ti Jong lọ ni pé kò sí òfin kankan ní Abuja tó lè ránṣẹ́ pe ọmọ nítorí omijé tó sun nígbà orin orílẹ̀-èdè mìíràn.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà ní Seoul, olú ìlú Kòríà Gúúsù. Abala keje òfin ààbò orílẹ̀-èdè wọn, òfin tí ọjọ́ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1948, lè sọ ẹni tó bá yin Kòríà Àríwá sí ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún méje. Ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ wọn tún fọwọ́ sí i ní ọdún 2023. A mọ̀ pé ogun wọn kò tíì fi àdéhùn àlàáfíà parí, a sì mọ̀ pé amí ń wọlé. Amí kì í dúró níwájú kámẹ́rà gbogbo ayé kó máa sunkún. Jong fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mìíràn ṣì ń ti ilé ẹ̀kọ́ Kòríà ní Osaka àti Tokyo jáde wá sínú líìgì, èyí tó bá sì bá ara rẹ̀ ní Suwon tàbí Busan lọ́la lè gba ìwé ìpè kan náà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kòríà Gúúsù ló lágbára láti yọ abala keje náà kúrò. Kí wọ́n yọ ọ́.