Wáàtì Kọ́ Ló Ń Gé Igi

"Wáàtì mélòó ni?" Ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ ra ayùn iná láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ igi lẹ́yìnkùlé rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bi ọlọ́jà nìyẹn, yálà ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìkọ̀lé. Ọlọ́jà náà ti mọ̀. Á kàn yí páálí padà kí nọ́ńbà gàdàgbà ara rẹ̀ lè kọjú sí oníbàárà. Èyí tó jẹ́ 1,200 wà níbẹ̀, wọn ò ní wò ó. 2,400 ni wọn ó gbé relé, wọn á tún fi yangàn fún ará àdúgbò.

Ìgbàgbọ́ náà ò le lóye: bí wáàtì bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe lágbára tó, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe gé igi tó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, iye iná tó ń jẹ ni. Kì í ṣe iye iṣẹ́ tó ń ṣe. Nínú iná tó wọlé, apá kan di ooru, fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnì gba tirẹ̀, jíà gba tirẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù ló dé ibi eyín bíléèdì. Ẹ̀rọ méjì lè jọ kọ 1,500 sára kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí èkejì máa kérora lórí pákó kan náà.

Àwọn kan tilẹ̀ ń kọ ohun tí kò ṣeé ṣe. Ẹ ó rí ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 5 HP sí, ìyẹn "horsepower", òṣùwọ̀n agbára ẹ́ńjìnì. HP kan jẹ́ wáàtì 746, márùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ 3,730. Ẹ pín in pẹ̀lú fólítì 230, ó lé ní áńpìà 16, a ò sì tíì ka èyí tó di ooru. Ẹ wá wo pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà nídìí wáyà rẹ̀: fíúùsì áńpìà 13 ló wà nínú rẹ̀. Ibo ni 5 HP yẹn fẹ́ gbà wọlé? Irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó ń lo bátìrì náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń san owó lé e torí wọ́n rí fólítì 20 dípò 18. Sẹ́ẹ̀lì márùn-ún kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ọ̀kan ka fólítì ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà, èkejì ka ti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná wa gan-an ló wá fọ́ ìgbàgbọ́ yìí yángá. Ẹni tó bá ní mítà tó ń ka fólítì nílé, kó wò ó ní aago méje alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan. Ká ní ó já sí 160. Ẹ́ńjìnì tí kò ní kábọ̀nù, ìyẹn èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú ẹ́ńjìnì tó ń yí, irú èyí tó wà nínú tábìlì ayùn ńlá àti ẹ̀rọ ìfági, agbára tó fi ń yí kì í fi ìwọ̀nba já bọ́: bí fólítì bá dín sí 160 nínú 230, agbára yẹn kò ní tó ìdajì mọ́. Kò sì ní dákẹ́ o. Á máa fa iná sí i kó lè gbé ẹrù tí ẹ dì lé e, kóìlì á gbóná, òórùn tí gbogbo wa mọ̀ yẹn á jáde. Wáàtì tó wà lára páálí ò gbà á sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà ẹkisitẹ́ńṣọ̀n. Wáyà tín-ín-rín oní-0.75 (bí bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó, ní mm²), tí ẹ nà dé mítà 30, á jẹ fólítì bíi 10 mọ́ ẹ̀rọ 1,500 lọ́wọ́. Ẹ fi ẹ̀rọ 2,400 sí i, á jẹ bíi 16, òun fúnra rẹ̀ á sì gbóná, pàápàá bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní kíká. Ẹni tó ra wáàtì púpọ̀ ló pàdánù jù lórí wáyà kan náà. Ẹ ra oní-1.5 tàbí 2.5, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ pátá. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour", nǹkan bíi wáàtì 650 ló lè gbé pẹ́. Ẹ̀rọ 2,400 nídìí rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Kí ló wá ń gé igi? Eyín ni. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, ó sì wà ní British Museum dòní. Kò fi wáàtì kankan gbẹ́ ẹ. Irin tó mú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bíléèdì tó wà nínú páálí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kì í sábà dára. Ẹ yọ ọ́ sọ nù, ẹ fi owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra wáàtì ra méjì gidi. Èyí tó ní eyín 24 wà fún líla pákó lóòró, torí ihò tó gbòòrò láàárín eyín rẹ̀ ń kó ìdọ̀tí igi jáde. Èyí tó ní 60 wà fún gígé níbùú àti fún pìláíwúùdù, kó má baà ya etí rẹ̀. Ẹ fi eyín 60 la ọ̀mọ̀ tàbí àpá lóòró, igi á dúdú, èéfín á yọ, ẹ ó sì máa sọ pé ẹ̀rọ náà ò lágbára. Ẹ tún wo sísanra rẹ̀: bíléèdì tó fẹ́lẹ́ ń jẹ igi díẹ̀, kò sì ń fi bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnì lára.

Ìrókò ní tirẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Òkúta funfun máa ń dì sínú rẹ̀, ó le, ojú kì í sì tètè rí i láti òde. Ẹyọ kan lè pa eyín bíléèdì tuntun. Bí ojú rẹ̀ bá ti kú, ẹ ó máa fi agbára tì í, agbára tẹ́ ẹ fi ń tì í yìí ló ń jẹ́ kí igi ta padà mọ́ èèyàn. Ewu wà lára bíléèdì tó kú ju èyí tó mú lọ.

Ìgbàgbọ́ wáàtì yìí kan náà ló mú kí àwọn kan máa de bíléèdì igi mọ́ ẹ̀rọ fáílìn tí àwọn wẹ́dà ń lò, wọ́n ní ó lágbára. Kékeré rẹ̀ ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan, ayùn iná oníyípo sì wà ní bíi 5,000. Kò ní pẹpẹ tó ń jókòó lórí igi, kò ní ohun tó ń bo eyín bó ṣe yẹ. Ẹ má dán an wò, kódà fún igi kan ṣoṣo. Ẹ má sì wọ ìbọ̀wọ́ nídìí bíléèdì tó ń yí: bó bá gbá etí aṣọ rẹ̀, ọwọ́ á bá a lọ. Ìbòmú ni kẹ́ ẹ rà. Eruku ìrókò ń fa ikọ́ àti ara yíyún.

Fún iṣẹ́ ilé, ayùn oníyípo tí bíléèdì rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 185, tó wà láàárín wáàtì 1,200 sí 1,400, á ṣe àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé pẹpẹ rẹ̀ lé gíláàsì, ẹ wò ó bóyá ó tẹ́jú. Ẹ di bíléèdì mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, bó bá ń jó, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bèèrè kábọ̀nù rẹ̀, kí ọlọ́jà gbé e jáde kẹ́ ẹ fojú rí i. Bó bá ní Èkó ni wọ́n ti ń rà á, ẹ bá a fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ síbẹ̀.