Mo fi àyè kún un, àyè ò sí!

"Image resized." Ohun tí qemu-img, irinṣẹ́ tó ń tún fáìlì dísìkì ẹ̀rọ àfarawé (virtual machine) ṣe, kọ sí mi lójú nìyẹn nígbà tí mo ní kó fi 10G kún fáìlì dísìkì Alhaja kan tó ń tajà ní Ọjà Ọba. Mo tan ẹ̀rọ náà, mo tẹ df -h láti wo àyè tó kù, iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣì kún dé ẹnu. Èwo wá ni wọ́n fẹ̀?

Kò purọ́ o, ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Fáìlì yẹn tóbi sí i lóòótọ́. Bí ẹni ra ilẹ̀ kún ilẹ̀ ni: ilẹ̀ pọ̀ sí i, ọgbà ò kúrò níbi tó wà, yàrá inú ilé ò sì fẹ̀. growpart ló máa sún ọgbà (partition, ìyẹn ìpín dísìkì), resize2fs ló máa fẹ yàrá (filesystem, ètò tó ń to fáìlì sínú ìpín náà), kò sì sí èyí tó máa là á lẹ́nu pé iṣẹ́ ṣì kù lọ́wọ́ ẹnìkejì òun. Tó bá wá jẹ́ XFS, irú filesystem mìíràn, lo bá níbẹ̀, resize2fs á pariwo "Bad magic number in super-block" lé ọ lórí, dípò kó sọ wẹ́rẹ́ pé xfs_growfs ni kó o lọ pè.

Mo ní kí growpart sún partition. Ó ní NOCHANGE, òun ò yí nǹkan kan padà! Kí ló dé? Swap, ìpín tí ẹ̀rọ ń yà lò bí memory bá kún, ló jókòó gbọnrangandan sẹ́yìn partition náà, àyè tuntun wá wà lẹ́yìn swap. Installer tó gbé Linux sórí ẹ̀rọ ló tò ó bẹ́ẹ̀, èmi kọ́. Ó di kí n swapoff kí ẹ̀rọ yé lò ó, kí n pa swap rẹ́ tòun ti extended, ìpín ńlá tó gbé e, kí n sún partition, kí n ṣe swap mìíràn, kí n tún lọ kọ UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) tuntun sínú fstab, fáìlì tó ń sọ ìpín tí ẹ̀rọ máa lò. Torí àyè lásán!

Alhaja ń pè: "Ọmọ mi, ṣé kò tíì tán ni? Ọmọkùnrin tó wà ní Challenge ní kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ." Kí wọ́n gbé e lọ bá a nígbà náà! Inú mi ni mo ti sọ ọ́ o. "Ó ti kù díẹ̀, mà" ló jáde lẹ́nu mi.

Fífẹ̀ tiẹ̀ sàn. Bó bá di pé kó o dín in kù, gbogbo rẹ̀ á dorí kodò: filesystem lákọ̀ọ́kọ́, partition tẹ̀lé e, fáìlì gbẹ̀yìn. ext4, filesystem tí resize2fs ń bá ṣiṣẹ́, ò ní gbà láìjẹ́ pé o unmount rẹ̀ (kó o yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́), kó o sì fi e2fsck -f yẹ̀ ẹ́ wò. qemu-img ṣì máa ń bèèrè --shrink lọ́wọ́ èèyàn kó tó dín fáìlì kù. truncate, àṣẹ mìíràn tó ń gé fáìlì, ò bèèrè nǹkan kan ní tiẹ̀. Á gé ìdí fáìlì tòun ti ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, á sì dákẹ́. Ní Tanke, Ìlọrin níbí o, tí iná lè lọ nígbà tí resize2fs ń kó data láti ìdí dísìkì bọ̀ síwájú, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù mi náà sì ti kú!

Ẹ̀yin tó ṣe àwọn irinṣẹ́ yìí, ìlà kan péré ni mo ń bèèrè: "Fáìlì ti tóbi, partition ò tíì mọ̀." lvextend, àṣẹ tó ń fẹ ìpín LVM, ní -r tó máa ń fẹ filesystem pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Ẹ kàn ò fẹ́ ṣe é ni.