Kámpù eré ìdárayá: ẹ bèèrè nípa òru kẹ́ ẹ tó bèèrè nípa bọ́ọ̀lù

Third term ò tíì parí tán báyìí tí WhatsApp àwọn òbí ní Iléṣà níbí á ti máa gbóná, flyer lọ́tùn-ún flyer lósì, kámpù bọ́ọ̀lù, kámpù básíkẹ́ẹ̀tì, kámpù gbogbo eré ìdárayá pọ̀, JSS1 sí JSS3 ni wọ́n ń wá, wọ́n á sì sùn síbẹ̀. Kíá ni ariwo á bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan á ní òun ò bí ọmọ kó máa lọ sùn nílé onílé. Bàbá kan á ní kí ló kan bọ́ọ̀lù nígbà tí Math ò tíì wọ̀ ọ́ lórí, kó lọ lẹ́sìn jàre. Ẹlòmíì á ní ṣé àwọn scout, àwọn tó ń wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá fún kílọ́ọ̀bù, máa wá láti òkè òkun. Mo máa ń ka gbogbo ẹ̀ mo máa ń rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ dá sí i, torí tíṣà P.E. ni mí, èmi ni aunty tó máa ń sùn sí yàrá àwọn ọmọbìnrin láti máa ṣọ́ wọn lóru nínú ọ̀kan nínú àwọn kámpù yẹn. Lọ́sàn-án, àwọn kóòṣì ló ni wọ́n. Tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n di tèmi nìyẹn o.

Èrò ọkàn mi rèé: ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, kí wọ́n sì sùn síbẹ̀. Kámpù ọ̀sán tí ọmọ ń ti ilé lọ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ò burú, ó sàn ju kó dorí kodò sínú fóònù láti àárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ nǹkan tí mo rí pé ó ń yí àwọn ọmọ yìí padà, alẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ wò ó, ní inter-house sports, tí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ́ ẹnì kejì níbi relay, ìjà dé nìyẹn, kálukú á gbé ìbínú ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mọ́mì ẹ̀, mọ́mì á gbè é lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti tán. Kámpù ò gba ìyẹn. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ́ ẹ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun náà ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè tìẹ láago mẹ́sàn-án alẹ́, korobá ẹ̀ lo fẹ́ yá wẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ lẹ jọ máa tàn lọ sí ṣáláńgá tí NEPA bá mú iná lọ. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan wà tí wọ́n bá ara wọn yodì torí volleyball, bọ́ọ̀lù ló bọ́ sáàárín wọn tí kálukú dúró tó ń wo ẹnì kejì, wọ́n sì pàdánù póńtì yẹn, làwọn yòókù bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé wọn lórí. Lóru ọjọ́ yẹn òjò Iléṣà tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ́ gba ojú wíńdò wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀kan nínú wọn. Mi ò tíì sùn, mi ò sì dìde, mo kàn ń gbọ́ tí èkejì ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú òkùnkùn pé, "Gbé fóòmù ẹ wá síbí, máa bọ̀, o ò rí i pé ó ti rin ni?" Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó yẹ kó gba bọ́ọ̀lù o, wọn ò di áńgẹ́lì, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fi ẹnu jà á báyìí, ẹnì kan á ti ké "Tèmi!" kí bọ́ọ̀lù tó wálẹ̀. Kóòṣì ti fi fèrè kọ́ wọn ní nǹkan yẹn títí, kò wọlé.

Ti sọ́kìsì ńkọ́? Ọmọkùnrin JSS2 kan kó sọ́kìsì funfun wá, ó pọ̀ rẹpẹtẹ, mọ́mì ẹ̀ ti lọ̀ ọ́, ó tún ká a ní méjì-méjì. Oṣù kẹjọ, pápá ti di ẹrọ̀fọ̀ pupa. Nígbà tó máa di àárín ọ̀sẹ̀ ó kó gbogbo ẹ̀ sínú náílọ́nù wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ó ní, "Aunty, ta ló máa bá wa fọ̀ ọ́?" Ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà kan tó ń fi bébà ìwé ìròyìn kún inú bọ́ọ̀tù ẹ̀ kó lè gbẹ bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó kọ́kọ́ fi omi lásán ṣan ẹrọ̀fọ̀ kúrò, tó bá fi ọṣẹ lé e báyìí ńṣe ló máa mu ún wọnú. Ó fọ̀ ọ́. Kò funfun mọ́ láéláé. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá kó wọn, ìyá ẹ̀ fi sọ́kìsì hàn mí, ó ní ṣé irú ìtọ́jú tí a ṣe nìyí. Mo ní ẹ má bínú Mà, ọmọ yín ló fọ̀ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ta ni?"

Ẹkún náà máa ń wá, mi ò ní parọ́ fún yín. Alẹ́ kejì ló sábà máa ń le jù, torí alẹ́ àkọ́kọ́ ariwo ni, gbogbo nǹkan ṣì jẹ́ tuntun. Ọmọ ọdún 11 tí kò sùn níta rí á fi aṣọ bo orí, á máa fa imú. Ẹ jọ̀ọ́ tí kámpù bá sọ pé ẹ má pe ọmọ lálẹ́, ẹ má bá wọn jà, wọ́n mọ nǹkan tí wọ́n ń wí. Ọmọ tó bá gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́, òun á sunkún, ìyá á sunkún, tó bá di aago mẹ́fà àárọ̀ dádì ti wà ní géètì pẹ̀lú mọ́tò. Kí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí ọmọ ń sáré àtipadà sí pápá, ẹ máa rí i pé "ẹ kú ilé, ó dàbọ̀" ni. (Ẹkún kan wà tí kò ní oògùn sha, ti ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ò rí iyán jẹ.)

Mo ti polówó tó. Ẹ jẹ́ kí n wá bá ẹ̀yin òbí wí díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yín máa ń yà mí lẹ́nu. Ọmọ òṣómàáló la pe ara wa, àwọn bàbá wa lóṣòó sílé onígbèsè nítorí owó aṣọ, wọn ò dìde àfi tówó pé. Àwa wá ń fi odidi ọmọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí flyer tó ń dán, tẹ́ ẹ bá máa bèèrè ìbéèrè ẹ ó ní ṣé jẹ́sì wà níbẹ̀, ṣé sátífíkéètì wà níbẹ̀. Ẹ ò bi wọ́n pé àgbàlagbà wo ló ń sùn nítòsí wọn láti ṣọ́ wọn. Ẹ ò bi wọ́n pé tí ara ọmọ bá gbóná láago méjì òru, mọ́tò wo ló máa gbé e dé ọsibítù Wesley Guild.

Ti ọjọ́ orí yìí ló ń bí mi nínú jù. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ọjọ́ orí ìyá. Nígbà tí a gbàlejò ìdíje àgbáyé U-17 ní 2009, tí Switzerland nà wá 1-0 nínú àṣekágbá ní Abuja, ibẹ̀ ni FIFA ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò láti mọ ọjọ́ orí wọn nínú ìdíje yẹn, torí wàyó ti pọ̀ jù. Gbogbo ẹ̀ ẹ̀rín la máa ń fi í rín. Àmọ́ nínú kámpù tí wọ́n ti ń sùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́, torí ẹni tó ti lé ní ọdún 17 tí wọ́n kọ JSS3 fún kí tíìmù lè lágbára, yàrá kan náà ló ń sùn pẹ̀lú ọmọ ọdún 11. Kí lẹ rò pé ó máa fi kọ́ ọ lóru? Kámpù tí kò bá gba ìwé ọjọ́ ìbí, tí kò pín yàrá gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí, tí àgbàlagbà ò sùn nítòsí wọn, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀, kódà tí kóòṣì ibẹ̀ bá ti gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles rí.

Ẹ tún wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ. Tí kò bá béèrè genotype, fọ́ọ̀mù owó lásán ni. Ọmọ tó jẹ́ SS lè lọ kámpù o, ẹ má tì í mọ́lé, ẹ kàn kọ́kọ́ bi dókítà ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé gbogbo kóòṣì tó máa dúró nídìí ẹ̀ ló mọ̀, torí òtútù, òùngbẹ àti eré àsápajúdé ló máa ń fa kiràísìsì, òjò oṣù keje sí ìkẹjọ sì rèé, wọ́n á ní kí wọ́n parí match nínú òjò kí wọ́n lè lókun! Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó máa ń tó ẹnì kan tó jẹ́ AS, àwọn yẹn náà nílò omi dáadáa tí oòrùn bá mú. Ọmọ tó bá ní ikọ́ fée, inhaler ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bá a lọ sí pápá, wọn ò gbọdọ̀ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́trọ̀nì. Àwa ní Ìjẹ̀ṣà ló tiẹ̀ yẹ ká mọ èyí jù, nítorí Ìmẹ̀sí-Ilé àti Wesley Guild níbí ni Dókítà David Morley ti lo káàdì tí wọ́n fi ń wo ìdàgbàsókè ọmọ láwọn ọdún 1950, tí wọ́n wá ń lo irú ẹ̀ káàkiri ayé, ọwọ́ ìyá ọmọ gan-an ni káàdì náà ń wà. Káàdì kan fún ọmọ kan, kí ló ṣòro níbẹ̀?

Kámpù kan wà tí mo gbọ́ ìròyìn ẹ̀, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń jí àwọn ọmọ fún jogging, wọ́n ní ológun ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ọmọ tí kò sùn títí di aago mọ́kànlá! Ọmọ ọdún 6 sí 12, wákàtí 9 sí 12 làwọn dókítà ní kó máa fi sùn, ti ọdún 13 sí 18 jẹ́ 8 sí 10. Ojú oorun ni iṣan ti ń tún ara ẹ̀ ṣe. Orúnkún náà ńkọ́? Láàárín ọdún 10 sí 15 tí egungun ń yára gùn, ọmọ tó ń sáré tó ń fò lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrora lábẹ́ ọmọrí orúnkún, ibẹ̀ á yọ kókó, Osgood-Schlatter ni wọ́n ń pè é. Ìsinmi ló ń fẹ́. Kóòṣì tí kò mọ̀ á ní ọ̀lẹ ni, á fi Robb pa á, á ní padà sí pápá. Tí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ kó wọn lọ wo omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ó dáa, ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú wọn ló mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè scout, Tobi Amusan, eléré ìje wa tó fo hurdles 100m ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene lọ́dún 2022, ọmọ ọdún 25 ló jẹ́ nígbà yẹn, ó sì ti sá títí, ó ti pàdánù títí, kò sí kámpù ọ̀sẹ̀ méjì kan tó bí i. Èmi ò wá Tobi nínú àwọn ọmọ yín. Ọmọ tí mò ń wá ni èyí tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá rárá, tí wọ́n máa ń yàn gbẹ̀yìn, tó sanra díẹ̀, tó ń lọ lẹ́sìn láti aago mẹ́jọ di aago méjì, tó tún wá jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ fún eré tó ń mú èémí yára. Nínú kíláàsì mi, àwọn tó ń ṣe é ò pọ̀, P.E. gan-an wọ́n máa ń fi pẹ́rẹ́ẹ̀dì mi ṣe Math tí ìdánwò bá ti ń bọ̀. Fún irú ọmọ yẹn ni kámpù wà. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di ọjà tálẹ́ǹtì, òun ló máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún gbogbo ọ̀sẹ̀, á kàn máa gbé omi fún àwọn aláwàdà tó rò pé àwọn ti dé Chelsea.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin dádì sọ. Tí ẹ bá ní ọkùnrin kan, obìnrin kan, ọkùnrin lẹ máa ń kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ ní obìnrin ò gbọdọ̀ sùn níta, kó dúró ran mọ́mì ẹ̀ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́jà Atákúnmọ́sà. Ó yé mi, ẹ̀rù ń bà yín, ẹ̀rù á ba èmi náà tó bá jẹ́ kámpù tí ọkùnrin nìkan ń darí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ bèèrè nípa òru. Ẹ bèèrè obìnrin mélòó ló ń sùn lọ́dọ̀ wọn, ṣé kọ́kọ́rọ́ wà, ṣé ilé ìwẹ̀ wọn wà lọ́tọ̀, ta ló ní pad lọ́wọ́ tí ọmọ ọdún 12 bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù níbẹ̀, torí ó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti jí mi lóru fún un rí. Tí ìdáhùn bá dáa, ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò náà, tẹ́ ẹ bá tún fi flyer ránṣẹ́ sí mi tí gbogbo bẹ́ẹ̀dì jẹ́ ti ọkùnrin, tẹ́ ẹ wá kọ "girls can come for day session", mi ò ní bá yín fi sórí status mi, ẹ má bínú.