Ta ló ní ìlú òtútù ni wọ́n ṣe tẹ́mósítáàtì fún?

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Ẹnìkan tó ní Mercedes CLK 320 ọdún 2001, irú èyí tí òrùlé aṣọ rẹ̀ ń ká sẹ́yìn, ní mọ́tò òun hó níbi tí wọ́n ti ń fi gbé ìyàwó lọ́sàn-án Sátidé, láàrin Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀. Ó béèrè ohun tó yẹ kí òun ṣe. Èsì tí wọ́n fún un kò ju ẹyọ kan lọ: “Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín yọ tẹ́mósítáàtì dànù. Nítorí yìnyín ni òyìnbó ṣe fi síbẹ̀. Nínú oòrùn Ìbàdàn yìí, kí la fẹ́ fi ṣe?”

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọ̀gá ń fi kọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ ń di ọ̀gá, òun náà ń fi kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkunbọ̀ máa ń gbọ́ ọ kó tó mọ orúkọ ọ́ìlì tí mọ́tò rẹ̀ ń lò. Irọ́ sì ni. Lára mọ́tò olówó ńlá tó ti lé lógún ọdún, irọ́ tó ń pa ẹ́ńjìnnì ni.

Tẹ́mósítáàtì kì í ṣe ohun tó ń mú mọ́tò gbóná. Ẹnu ọ̀nà omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ni. Ẹ́ńjìnnì V6 tó wà nínú CLK yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní M112, 87°C ni tẹ́mósítáàtì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìbàdàn nínú oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, nígbà tí ooru bá mú jù, kì í sábà ju 35 tàbí 36°C lọ. Ẹ yọ 36 kúrò nínú 87, ó ṣì ku mọ́kànléláàádọ́ta. Oòrùn wa kò lè gbé ẹ́ńjìnnì dé ibi tó ti fẹ́ ṣiṣẹ́; epo tó ń jó nínú rẹ̀ nìkan ló ń gbé e débẹ̀. Ní Dúbáì, ooru máa ń kọjá 45°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irú CLK yìí kan náà ń rìn níbẹ̀, tẹ́mósítáàtì sì wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe kó o wá láti Jámánì. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ fún wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo wa tẹjú mọ́ rèé, torí òun gan-an ni àwọn tó ń yọ ọ́ kì í wò. Ẹ mú tẹ́mósítáàtì kan sọ́wọ́. Ife idẹ kékeré kan wà láàrin rẹ̀ tí ìda kún inú rẹ̀. Sípíríìngì yí i ká. Àwo pẹrẹsẹ kan wà lókè, ó fẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun nìkan ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yí i síbàlẹ̀. Ẹ ó rí àwo kejì, ó kéré, ó sì ní sípíríìngì tirẹ̀. Àwo kékeré ìsàlẹ̀ yẹn lọ̀rọ̀ wà.

Omi tó bá ti ẹ́ńjìnnì jáde ní ọ̀nà méjì tó lè gbà. Ọ̀kan gba inú rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ẹ tó sì ń tutù. Èkejì jẹ́ ọ̀nà ẹ̀bùrú: kò dé rédíétọ̀ rárá, ó kàn ń dá omi padà sí wọ́tà pọ́ǹpù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, àwo ńlá ti ọ̀nà rédíétọ̀ pa, omi sì ń yí po lọ́nà ẹ̀bùrú kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ibi tó yẹ. Bó ṣe ń gbóná, ìda inú ife ń yọ́, ó ń wú, ó ń ti ọ̀pá jáde. Àwo ńlá ń ṣí díẹ̀díẹ̀, àwo kékeré sì ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀bùrú. Tí omi bá fi lé díẹ̀ ní 100°C, àwo ńlá ti ṣí tán, àwo kékeré ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀bùrú gbágbá. Gbogbo omi gbọ́dọ̀ gba inú rédíétọ̀ nìyẹn, kò sí ibòmíràn tó lè yà sí.

Ó dáa, ẹ wá yọ ọ́ dànù. Kí ló kù tó máa dí ọ̀nà ẹ̀bùrú? Kò sí nǹkan kan. Omi ò sì níṣẹ́ méjì, ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń gbà. Ọ̀nà ẹ̀bùrú kúrú, kò ní ìdènà. Rédíétọ̀ kún fún ihò tóóró-tóóró, ti mọ́tò ogún ọdún sì ti dí lápá kan. Nítorí náà, omi gbígbóná púpọ̀ yóò máa padà sínú ẹ́ńjìnnì bó ṣe jáde, kò ní fojú kan rédíétọ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, ẹ ò ní mọ̀, torí atẹ́gùn pọ̀ níwájú mọ́tò: abẹ́rẹ́ gééjì á tiẹ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí 60, inú yín á dùn. Ẹ jẹ́ kí ẹ wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road ní aago mẹ́rin ọ̀sán, tí AC ń ṣiṣẹ́, tí mọ́tò kò kúrò lójú kan. Ìgbà tí ẹ nílò rédíétọ̀ jù lọ nìyẹn, ìgbà náà sì ni ìdajì omi ń sá fún un. Mọ́tò tó ń tutù jù lójú márosẹ̀ tó sì ń hó nínú ìlú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá tẹ́mósítáàtì ṣì wà nínú rẹ̀.

(Àwọn kan tó fẹ́ gbèjà tẹ́mósítáàtì máa ń ní tí ẹ bá yọ ọ́, omi á máa sáré jù, kò ní ráyè tutù nínú rédíétọ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́. Omi tó ń sáré kò ṣe rédíétọ̀ níbi. Omi tó ń yà kúrò lọ́nà rẹ̀ ni ìṣòro.)

Ẹ tún wo ohun tí ẹ́ńjìnnì tútù ń ṣe. Kọ̀ǹpútà mọ́tò mọ ìwọ̀n ooru tó ń retí. Tí ooru ò bá dé ibẹ̀ láàrin àsìkò tó yẹ, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, tí wọ́n bá sì ṣe skáànì, kóòdù P0128, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó, ni wọn yóò rí. Rìwáyà á pa iná náà, á tún tàn. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kọ̀ǹpútà á máa da epo sí i bí ẹni pé àárọ̀ ni mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló ń wá mọ́tò tó ń mu epo lásán? Èyí tí kò bá jó nínú epo náà ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, ó ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì jáde kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: tó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, tó sì ti ga ju bí ẹ ṣe bu ọ́ìlì sí i lọ, ẹ ti mọ ibi tó ti wá. Gíá náà kì í tètè ròkè nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, mọ́tò á máa han-in lórí gíá kékeré.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìdérí ọ́ìlì. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kí ìrì inú ẹ́ńjìnnì tó lè gbẹ. Tí kò bá gbóná tó, ìrì á pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, á sì di nǹkan funfun ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ ìdérí, ó rí bí òrí gan-an. Mẹkáníìkì á ṣí ìdérí, á rí i, á mi orí: “Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ,” ìyẹn ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan, orí rẹ̀ á kúrò níbi tó ti jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ láti ilé iṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó gbà kí wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnnì nítorí òrí yẹn, ẹ wò ó bóyá omi ń dín kù nínú ike omi, bóyá omi ń ta kókò nínú ike nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sitáàtì mọ́tò tútù, àti bóyá ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá funfun bíi ti òkè. Tí kò bá sí ọ̀kan nínú wọn, ìrì lásán ni.

“Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n yọ tèmi, kò hó mọ́.” Ó ṣeé ṣe kí ti inú rẹ̀ ti gan síbẹ̀ ní pípa. Èyí tó gan, tuntun la fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ há kì í yọ ògiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ní BMW 330Ci òrùlé kíká, ti àárín ọdún 2000 sí 2006, tiyín tún le jù bẹ́ẹ̀. Tẹ́mósítáàtì ẹ́ńjìnnì M54 ní wáyà. 97°C ló ń ṣí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹná gan-an, kọ̀ǹpútà á fi iná mú ìda inú rẹ̀ gbóná kó lè ṣí ṣáájú. Tí wọ́n bá ti fọ́ ọ, ẹ ti já ọwọ́ kọ̀ǹpútà. Abẹ́rẹ́ gééjì rẹ̀ kò sì ní sọ fún yín, torí wọ́n ṣe é kó dúró sí àárín láti bíi 75°C títí dé bíi 115°C. Kó tó kúrò ní àárín, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ fi skáànì wo ìwọ̀n ooru gan-an, ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Kí ló wá ń mú mọ́tò ìyàwó yẹn hó? Ẹ wo irú ìrìn tó rìn: ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn, òrùlé wà lẹ́yìn, AC wà lórí èyí tó ga jù. Mọ́tò tí òrùlé rẹ̀ ṣí kò lè tutù nínú, nítorí náà kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ AC kò ní sinmi, kọ̀ńdẹ́nsà, ibi tí AC ti ń tú ooru dànù níwájú rédíétọ̀, á sì máa fẹ́ ooru lù ú láìdáwọ́ dúró. Ẹ pa AC tí ẹ bá ká òrùlé. Lẹ́yìn náà, ẹ tú pátákó òkè rédíétọ̀, kí ẹ wo àárín òun àti kọ̀ńdẹ́nsà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ohun tí à ń bá níbẹ̀ ní Ìbàdàn kò yí padà: eruku ọyẹ́ tó ti dì bí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìyẹ́ kòkòrò, ewé gbígbẹ, àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, nígbà mìíràn méjì tàbí mẹ́ta, tó lẹ̀ mọ́ rédíétọ̀ bí ẹni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Níwájú, ẹ ò lè rí i. Ẹ fi omi họ́ọ̀sì lásán fọ̀ ọ́ láti apá ẹ́ńjìnnì síta. Ẹ má lo ẹ̀rọ ìfọmọ́tò alágbára, yóò tẹ irin pẹlẹbẹ ara rédíétọ̀ wọlé.

Fáànù ló kàn. Tó bá jẹ́ tiná, ẹ tan AC, ó gbọ́dọ̀ yí. Tí kò bá yí, ẹ wo fíúsì, rìlé àti fáànù fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí bẹ́líìtì ń fà, ẹ pa mọ́tò nígbà tó bá gbóná, kí ẹ fọwọ́ yí fáànù: ó yẹ kó wúwo lọ́wọ́. Èyí tó bá ń yí fìrìfìrì lọ ní àyípo mẹ́rin márùn-ún ti kú. Ìdérí ike omi Mercedes yìí gbọ́dọ̀ di 1.4 bar mú. Nínú agbára yẹn, omi lásán kò ní hó títí á fi tó nǹkan bí 126°C. Rọ́bà ìdérí tó ti gbẹ kò lè di nǹkan kan mú, omi á máa hó ní 100 bíi ti ìkòkò ilé ìdáná. Tí họ́ọ̀sì òkè bá rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan, ẹ pààrọ̀ ìdérí kẹ́ ẹ tó náwó sórí ohunkóhun. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ kànga, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ìwẹ̀: èérún inú rẹ̀ ló ń dí rédíétọ̀, àìsí kúláǹtì, oògùn tí à ń pò mọ́ omi ẹ́ńjìnnì, ló sì ń jẹ́ kí alumíníọ̀mù inú ẹ́ńjìnnì máa jẹ.

Mo gbà pé àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan wà tí tẹ́mósítáàtì wọn kò ní àwo kejì. Ìyẹn kàn máa ń tutù jù ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì gan lójú ọ̀nà lóru lè yọ ọ́ kó fi délé.

Tí ẹ bá ń ra òmíràn ní Àràrọ̀mí ní Gate, ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: 87 ni ti CLK yìí. Lára M112, òun àti ìdérí rẹ̀ jọ jẹ́ ẹyọ kan ni, ìdí nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì fi máa ń ṣẹ́ inú rẹ̀ dànù tí wọ́n á tún dé òfìfo padà. Nítorí náà, pé ìdérí wà lórí ẹ́ńjìnnì kò fi hàn pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ dán tuntun wò kẹ́ ẹ tó dì í: ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi, kó má kan ìdí ìkòkò, kí ẹ ki tẹmómítà sí i, kí ẹ gbé e ka iná. Kò gbọ́dọ̀ mira títí omi yóò fi sún mọ́ 87. Ìgbà náà ni àwo ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, wẹ́rẹ́ bí ìrun, ẹ ó sì rí àwo kékeré tó ń rìn bá a. Èyí tó bá ṣí ní 70, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dì í, ẹ po kúláǹtì àti omi dísítíìlì ní ìdajì-ìdajì, ẹ bù ú wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣí hítà sí èyí tó gbóná jù kí atẹ́gùn lè jáde. Lára BMW yẹn, ẹ tú sùkúrúù kékeré ẹ̀gbẹ́ ike omi, kí ẹ máa bu omi títí tí kò fi ní ta kókò mọ́. Ẹ sitáàtì mọ́tò, kí ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè. Ó gbọ́dọ̀ tutù fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kó wá gbóná lójijì. Èyí tó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti jí, òfìfo ni wọ́n tún tà fún yín.