Konami Tún Ti Kú Lọ́sẹ̀ Yìí

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Konami tún ti kú. Wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Ajé ló gbẹ́mìí mì, nígbà tí bọ́ọ̀lù tó yẹ kó wọlé lọ lu igi, tí ẹni tó gbá a sì sọ fóònù rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tó figbe ta: "Ilé-iṣẹ́ yìí ti bàjẹ́! Wọn ò mọ géèmù ṣe mọ́!" Kò pẹ́ rárá tí àwọn abánikẹ́dùn fi pé jọ. Ọ̀kan ní òun ti rí i pé ó ń bọ̀. Èkejì ní láti 2013 ni àìsàn náà ti wà lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọmọ ọdún 17, mí kanlẹ̀, ó ní ayé àtijọ́ ló dáa. Ayé àtijọ́ tó ń wí náà ni 2023.

Ẹni tí kò bá mọ òkú, ẹ jẹ́ n júwe rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àwọn ará Japan tó ń ṣe eFootball ni, géèmù bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa ń pè ní PES kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2021. Gbogbo ibi tí fóònù bá dé nílẹ̀ wa ni wọ́n ti ń gbá a: ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò, ọmọ yunifásítì tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀la, bàbá ọlọ́mọ méjì tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé mítíǹgì ibi iṣẹ́ lòun wà. Àmọ́ kéèyàn kàn máa gbá a kò tó mọ́. Ohun tó wà lóde báyìí ni kéèyàn máa gbá a, kó sì máa kéde ikú ẹni tó ṣe é. Aṣọ ẹbí ni. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò wọ̀ ọ́, tó ní òun ń gbádùn géèmù náà ní tòun, ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín létí sàréè ni wọ́n á fi wò ó.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí àdúgbò tí kò ní ẹ̀gbọ́n kan tí ẹ kò lè sọ ohunkóhun fún lẹ́yìn PES 6. 2006 ni géèmù yẹn jáde. Adriano ti Inter wà nínú rẹ̀, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 99, ìyẹn ni pé bó bá ti kọjá ìdajì pápá, kí gólì tó ń ṣọ́lé máa ka Sáàmù. Ẹ̀gbọ́n á rò ó títí omi á fi lé ròrò sójú wọn: ilé géèmù ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ tó tò sórí bẹ́ǹṣì, jẹnẹrétọ̀ tó ń bú lẹ́yìnkùlé, pádì tí bọ́tìnì rẹ̀ kan kì í ṣiṣẹ́ àfi tí o bá fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Nínú géèmù náà, Chelsea ń jẹ́ London FC, Liverpool ń jẹ́ Merseyside Red, kò sì sẹ́ni tó bínú. "Ìgbà yẹn ni wọ́n mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́, àbúrò. Owó wa nìkan ni wọ́n wá ń jẹ báyìí."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, owó wo?

Ẹ má bínú sí mi o, ìbéèrè ni. Àwo PES 6 tí ẹ gbá nílé géèmù yẹn, inú ọ̀rá ló ti jáde, láti Alaba, báírò ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ọlọ́jà Alaba gba tirẹ̀. Ẹni tó ni ilé géèmù gba tirẹ̀. Elépò gba tirẹ̀ nítorí jẹnẹrétọ̀. Nínú gbogbo ẹbí yìí, Konami nìkan ni kò rí kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ kan tí wọn kò ṣiṣẹ́ fún Konami rí bẹ̀rẹ̀ sí í kó jẹ́sì tuntun àti orúkọ tuntun sórí PES àtijọ́, wọ́n ń tà á fún àwọn tó ní PS2, wọ́n sì gbé e sórí áàpù kan tó ń jẹ́ PPSSPP kí fóònù lè gbé e. Ẹ gbá ìyẹn náà, ẹ gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí kò bọ́ òkú nígbà tó wà láàyè, tí kò sì dá sí owó pósí, ohùn tirẹ̀ ló wá ròkè jù nínú ẹkún.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ọjọ́ ikú. Ẹnu èèyàn méjì kò kò lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n PES 6 ní 2007 ni, nígbà tí PES 2008 dé sórí PS3 tó ń wọ́ tuurutu. Lóòótọ́ ló wọ́. Àwọn tó tẹ̀lé wọn ní irọ́ ni, PES 2013 ṣì dáa, PES 2014 ló pa á. Konami gbé ẹ̀rọ tuntun kan dé fún ti ọdún yẹn, Fox Engine lorúkọ rẹ̀, òjò kò sì rọ̀ rárá nínú géèmù náà. Ẹ gbọ́ o, wọ́n ṣe géèmù bọ́ọ̀lù, wọ́n fi òjò sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé n'Íbàdàn lóṣù Keje rí kò lè gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn àbúrò tún dé, wọ́n ní 2021 ni. Àwọn tó kéré jù ní ọdún tó kọjá yìí ni.

Mo wá gbé ọjọ́ orí kálukú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ikú tó mú wá. Ẹ ò ní gbàgbọ́. Konami máa ń kú lójú èèyàn ní nǹkan bí ọdún tí bàbá rẹ̀ bá ṣíwọ́ fífún un lówó oúnjẹ. Kò sí ẹni tí Konami kú mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé ìrẹsì wá bá a níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ tí lanlọ́ọ̀dù bá ti mọ orúkọ rẹ, tí o ń darí láti ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ọmọ ń sunkún nínú yàrá kejì, ni bọ́ọ̀lù Konami máa ń wúwo, tí páàsì wọn kì í dé ibi tó ń lọ mọ́, tí ojú agbábọ́ọ̀lù wọn kì í fani mọ́ra mọ́. Àwọn ará Konami ní Tokyo kò sì mọ nǹkan kan nípa lanlọ́ọ̀dù yín.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣọ̀fọ̀ o. Ti 2021 yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n gbé eFootball 2022 jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 9 péré ló wà nínú rẹ̀. Cristiano Ronaldo tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n ya ojú rẹ̀ débi pé ìyá tó bí i á kọ́kọ́ béèrè orúkọ. Agbábọ́ọ̀lù á máa sáré síwájú, apá rẹ̀ á máa lọ sí ibi tó wù ú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kò sí géèmù kankan lórí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà, tí àwọn tó gbá a bú tó o. Konami jáde wá tọrọ àforíjì. Wọ́n fi àtúnṣe gidi sí oṣù Kọkànlá, oṣù Kọkànlá kò gbà á, ó di oṣù Kẹrin 2022. Àwọn tó ti ń ṣe Winning Eleven láti 1995 ló ṣe báyìí o! Ẹni tó bá gbèjà wọn lórí ti ọdún yẹn, ẹ yẹ àpò rẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ta ló jayé ju àwọn ọlọ́fọ̀ lọ lóṣù náà? Àwòrán Ronaldo olójú wíwọ́ yẹn kò jẹ́ kí àwọn kan sùn. Láti fóònù dé fóònù ni wọ́n ń gbé e kiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wọ́n. Ẹni tí kò tan PS4 rẹ̀ láti bí ọdún méjì lọ wá okùn iná jáde lábẹ́ àga kó lè fojú ara rẹ̀ rí òkú. Ó gbá a títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ wá wo òkú fúnra rẹ̀. Kagemasa Kozuki ló dá a sílẹ̀ ní Osaka ní 1969. Iṣẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n máa yáni ní ẹ̀rọ tí à ń sọ owó sí kó tó kọrin, kí wọ́n sì máa tún un ṣe bó bá dákú. Lónìí wọ́n ní ilé ìdárayá ní Japan, wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ fún kasínò. Bí bọ́ọ̀lù bá tilẹ̀ parí láyé, Konami á ṣì máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ dín ikùn rẹ̀ kù. Nínú ọdún ìṣúná tó parí ní oṣù Kẹta 2025, owó tó wọlé fún wọn ju ti ọdún èyíkéyìí tó ṣáájú lọ. FIFA pàápàá, tí orúkọ rẹ̀ fi wà lára géèmù EA, ilé-iṣẹ́ tó ń bá Konami díje, láti 1993 títí ìgbéyàwó náà fi túká lẹ́yìn FIFA 23, ọ̀dọ̀ Konami ló gbà lọ ní 2024, wọ́n jọ fi eFootball ṣe ife àgbáyé orí ẹ̀rọ ní Riyadh. Òkú ń wọ bàálù, òkú ń gba àlejò. Wọ́n ní ẹni tí à ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí Konami ń bá nájà àti ẹni tó ń pariwo, ẹnì kan náà ni.

(Ẹ̀yin tó ń gbá ti EA, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdọọdún ni tiyín ń kú, ẹ sì máa ń sanwó kí ẹ tó wọlé ṣọ̀fọ̀.)

Ẹ̀ka ìmọ̀ kan wà nínú ọ̀fọ̀ yìí tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Scripting ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Konami ti máa ń pinnu ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó fọn fèrè. Bí alága wa, olórí àwọn ọlọ́fọ̀, bá fìyà jẹ èèyàn ní 4–1, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Bí wọ́n bá fìyà jẹ òun ní 4–1, scripting ni. Mo ti gbìyànjú láti fojú inú wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ní Tokyo. Àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ jókòó yí tábìlì ká, aṣọ dúdú, táì dúdú. Akọ̀wé dìde, ó tẹríba, ó ní: "Ẹ̀yin àgbà, ọmọkùnrin kan wà ní Mushin, iná fóònù rẹ̀ ku 11%, owó dátà rẹ̀ ti fẹ́ tán, ó sì ń gbó wa lẹ́nu nínú ìṣẹ́jú 88. Kí ni ká ṣe?" Àgbà tó dàgbà jù di ojú, ó ronú pẹ́, ó ní: "Ẹ jẹ́ kí gólì rẹ̀ fò sí ọ̀tún." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n sún orí ọ̀rọ̀ tó kù síwájú.

Kò sí ẹni tó máa sọ fún ọmọ Mushin yìí pé láti ìṣẹ́jú kejì ni òun fúnra rẹ̀ ti ń fa àwọn ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì jáde lọ lé bọ́ọ̀lù, tó fi ẹ̀yìn ilé sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹ bá sọ ọ́, ìránṣẹ́ Konami ni yín.

Ẹni yìí kan náà, ẹ tẹ̀lé e dé ìdí àpótí. Àpótí inú géèmù ni Konami fi ń jẹun: àwọn olóyè bọ́ọ̀lù àtijọ́ bíi Gullit, Rijkaard àti Van Basten máa ń wà nínú rẹ̀, Epic ni wọ́n ń pè wọ́n. Nínú agbábọ́ọ̀lù 150 tó wà nínú àpótí, 3 péré ló jẹ́ Epic. Kóìnì 100 tí à ń fowó rà lo máa fi fa ẹnì kan, 900 lo máa fi fa mẹ́wàá. Ọmọ kíláàsì márùn-ún mọ ibi tí ìṣirò yìí ń lọ. Alága wa náà mọ̀ ọ́n, ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo wa, ó pè é ní jìbìtì, ó ní owó táwọn òbí fi ń ra gaàrí làwọn olè yìí ń kó lọ sí Japan. Nínú àlàyé yẹn náà, àtàǹpàkò rẹ̀ ti tẹ ibi tí wọ́n kọ 900 sí. Ìmọ́lẹ̀ tàn, pápá ìṣeré ń dán, kò mí. Ẹ̀yìn ọ̀tún mẹ́wàá láti inú líìgì tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ló jáde. "Ẹ ò rí i? Mo sọ ọ́! Wọ́n ti kú!" Ó yí padà sí mi: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní owó díẹ̀ lórí káàdì yín?"

Àwọn kan tún ní ìdágbére. Wọ́n á kọ lẹ́tà, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ gbá, wọ́n á dárí ji ọ̀tá, wọ́n á fi àwòrán hàn pé àwọn ti pa géèmù náà rẹ́ kúrò lórí fóònù. Ẹ máa fi ọkàn sí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni Konami máa ń ti sáfà fún àtúnṣe, géèmù kì í ṣí rárá láàárín wákàtí yẹn. Ẹni tó dágbére lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó sọkún, tó júwọ́, òun gan-an lẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé tiyín ń ṣí? Tèmi ò ṣí o. Ilé-iṣẹ́ burúkú!" Ó ń bínú pé òkú kò tètè jí.

Ọ̀ràn tó kù nílẹ̀ ni Master League, apá PES àtijọ́ tí èèyàn ti ń tọ́ ẹgbẹ́ kékeré dàgbà títí á fi gba ife. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ géèmù yìí di ọ̀fẹ́ ni wọ́n ti ń ṣèlérí pé yóò padà wá: 2022 kọjá, 2023 kọjá, 2024 náà kọjá. Lórí èyí, mo fara mọ́ àwọn ọlọ́fọ̀ pátápátá, nítorí èmi náà fẹ́ràn Castolo, Minanda àti Ximelez, àwọn ọmọ aláìlórúkọ tí Konami fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá, tí a fi gba ife lọ́wọ́ àwọn olówó. Àmọ́ mo mọ àwọn èèyàn mi. Lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé, kí ẹnikẹ́ni tó parí ìdíje àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n á ti gbé fóònù wọn sílẹ̀, wọ́n á mirí: "Kì í ṣe Castolo tiwa nìyí. Wọ́n ti dín eré rẹ̀ kù." Wọ́n á ní ká dá aṣọ tuntun.