Ẹ Ṣí Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Kí Ẹ Tó Gba Owó Ìtanràn

Ìkéde tí àwọn aláṣẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ bá tẹ̀ níbi tó ti ń tọ̀ tàbí tó ti ń yàgbẹ́ ní gbangba ìlú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yóò san owó ìtanràn lójú ẹsẹ̀, kò bá wa lójijì. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ̀ pé a kò fara mọ́ kí àgbàlagbà máa kọjú sí ògiri ilé onílé, kí ó máa tú ṣòkòtò lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbà kọjá. Òfin ìmọ́tótó orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ti ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ tipẹ́, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n pa á tì. Ìbéèrè tí a ní fún àwọn aláṣẹ ni èyí tí a ti ń bi wọ́n bọ̀, tí wọn kò sì tíì dá wa lóhùn: ẹni tí ẹ ní kò gbọdọ̀ ṣe é síta, inú ilé wo ni ẹ ní kí ó lọ ṣe é?

Kì í ṣe pé kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò ní ìlú yìí rárá. Ó wà, wọ́n tì í pa ni. A ti sọ èyí nínú ojú ìwé yìí kan náà láìmọye ìgbà, etí ikún ni wọ́n sì ń kọ sí i. Bí owó iṣẹ́ kan bá ti òkè òkun dé, wọn a kọ́lé, wọn a kùn ún lọ́dà, wọn a pe àwọn oníròyìn, wọn a gé okùn, wọn a sì kọ orúkọ ẹni tó san owó náà sára ògiri gàdàgbà gadagba. Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí ágádágodo yóò fi dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn aláṣọ ní ọjà kan tí a kò ní dárúkọ, nítorí pé àwọn tó bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ṣì ń pàtẹ níbẹ̀. Yàrá mẹ́rin ni, méjì fún ọkùnrin, méjì fún obìnrin. Ilẹ̀kùn kan ti jábọ́, mẹ́ta yòókù wà ní títì, ibi tí ẹ̀rọ omi wà tẹ́lẹ̀ ti di ihò lásán, àpò alùbọ́sà sì kún ìloro dé ẹnu ọ̀nà. Àwòrán ọwọ́ méjì tí wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ ṣì wà lára ògiri náà, ọ̀dà rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì ṣí. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ògiri kan wà tí wọ́n kọ “Interdit d'uriner ici” (Má tọ̀ síbí) sí, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Onílé tó tẹ̀ lé e ti fi ìwé kíkọ sílẹ̀ ní tirẹ̀, màrìwò ló so mọ́ ògiri, a sì gbọ́ pé ó ṣiṣẹ́ ju ìkéde lọ.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń tì wọ́n? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ awo. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí èrò ọjà ń lò ń gba owó lójoojúmọ́: owó omi fún SONEB, ilé-iṣẹ́ omi, owó ọṣẹ àti omi Javel tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀, owó iná bí a bá fẹ́ kí ó ṣí di alẹ́, owó oṣù ẹni tó ń gbá a, àti èyí tí wọ́n máa ń fò dá nínú gbogbo ìṣirò, ìyẹn owó ọkọ̀ tí yóò wá fa ṣáláńgá nígbà tó bá kún. Fáráǹkì 50 tàbí 100 tí ẹni tó wọlé ń san ni wọ́n ní kí gbogbo èyí ti jáde. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n gbé ilé náà fún ti ṣe àdéhùn iye tí yóò máa san fún ìlú kí ó tó mọ ohun tí yóò kù fún òun fúnra rẹ̀. Bí ọjà bá dá, ọṣẹ ni ó kọ́kọ́ ń yọ kúrò. Lẹ́yìn ọṣẹ ni omi. Lẹ́yìn omi, obìnrin tó ń gbálẹ̀, tí kò rí owó oṣù gbà, kò ní wá mọ́. Nígbà tí ṣáláńgá bá wá kún dé ẹnu, tí ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ sì ń bèèrè owó tí kò sí nílẹ̀, títì ni ó kù. Kò di ìgbà tí ẹnìkan bá jí nǹkan kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ìwé àdéhùn ni wọ́n kọ bí ẹni pé ìgbẹ́ kì í kún. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé: ẹ bi àwọn obìnrin tó ti gbálẹ̀ níbẹ̀ rí, wọn yóò ka oṣù tí wọn kò san fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ máa ń dá wa lóhùn pé àwọn ará ìlú ni kò mọ ohun tó dára lò, pé bí a tilẹ̀ kọ́ ọgọ́rùn-ún, wọn yóò bà á jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo ibi àlùwàlá àwọn mọ́ṣáláṣí wa. Àwọn èrò ọjà kan náà ni, àwọn oní-zémíjàn (ọlọ́kadà) kan náà ni, àwọn àjèjì tó ti Kétu, Pobè àti Sakété wọlé náà wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láti ìrun àsùbáà títí di ìṣáì. Kì í ṣe pé ènìyàn yí padà nígbà tó wọ ọgbà mọ́ṣáláṣí. Omi wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, baba kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wo ibẹ̀, gbogbo èrò sì mọ ẹni tí wọn yóò lọ bá bí nǹkan bá bàjẹ́. Àwọn mọ́ṣáláṣí ń ṣe iṣẹ́ tí ìlú ń gba owó orí lé lórí, wọn kò sì pe oníròyìn kankan sí i.

Owó ìtanràn yìí, ọkùnrin ni a ó máa rí tí wọn yóò máa mú, nítorí pé òun ni ń dúró ti ògiri. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ nípa ìyà, ti obìnrin ni ó pọ̀ jù. Ìyá tó ń ta gàrí tàbí ẹja gbígbẹ ní ọjà Ouando ti jókòó sídìí ọjà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kì í sì í palẹ̀ mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti já tíkẹ́ẹ̀tì owó ọjà fún un kí ó tó rí oníbàárà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í fi omi kan ẹnu títí wọn yóò fi padà sílé, nínú ooru oṣù kẹta, lábẹ́ páànù tí kò sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé. Àwọn mìíràn gbé póò sábẹ́ pátákó. Bí ó bá di dandan, ẹnìkejì a fi aṣọ yí i ká, ohun tó wà nínú póò a sì di ti gọ́tà. Ọmọbìnrin tó ń kiri omi inú ọ̀rá ń polówó rẹ̀ láàárọ̀ títí di alẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ mu ún. Kò sí oníṣègùn tí kò mọ̀ pé ẹni tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra, tí kò sì mu omi, ń pe àrùn ọ̀nà ìtọ̀ fún ara rẹ̀, ti aboyún sì léwu ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù ńkọ́? Ilẹ̀kùn tó ní ìdè, omi díẹ̀, àti apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí láti ju nǹkan sí, kò bèèrè ju èyí lọ, kò sì rí i. Bí ó bá sì rí ibi kan tó ṣí, òun ni yóò san fáráǹkì 100, nígbà tí ọkùnrin ń fi ògiri ṣe tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìlera gbogbo ìlú pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Etí ọ̀sà ni a tẹ ìlú wa dó sí. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá ń rọ̀, tí ilẹ̀ kòtò bíi Zounvi àti Donoukin bá gba omi, omi abẹ́ ilẹ̀ a máa ga bá ṣáláńgá, kànga tí wọ́n ń pọn sì wà nínú ọgbà kan náà. Ibi tí ìgbẹ́ ti bá omi pàdé ni onígbáméjì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í bèèrè bóyá ẹni tó yà á sí gọ́tà ti san ìtanràn. Ìṣirò OMS (Àjọ Ìlera Àgbáyé) àti UNICEF ti fi hàn láti ọdún mélòó kan pé nǹkan bí ìdajì àwọn ará Benin ni kò ní ibi kankan ju inú igbó àti ìta gbangba lọ. Ìgbèríko ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olú-ìlú orílẹ̀-èdè, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà nínú rẹ̀, kò yẹ kí ó máa fi ìgbèríko bojú.

Ọ̀rọ̀ ta ni ó ni iṣẹ́ náà ni ó ti sú wa jù. Bí o bá bèèrè níhìn-ín, wọn a ní kí o lọ bèèrè lọ́hùn-ún. Ẹnìkan a ní ti àwọn tó ń kó pàǹtírí ni, bẹ́ẹ̀ kíkó pàǹtírí àti gbígbá títì ni SGDS, ilé-iṣẹ́ tó ń kó pàǹtírí, wà fún; òmíràn a ní ti àwọn tó ń darí ọjà ni; ẹ̀kẹta a ní iṣẹ́ àwọn tó fún wa lówó ni, wọ́n sì ti padà sílé. Ẹ gbà wá o! Ṣé ilé náà ló ti ara rẹ̀ ni? Òfin 97-029 ti ọdún 1999 ti gbé ìmọ́tótó ìlú lé ìgbìmọ̀ ìlú lọ́wọ́, láti 2003 ni àwọn ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Àtúnṣe ọdún 2021 gbé àkóso ojoojúmọ́ fún “secrétaire exécutif”, ìyẹn akọ̀wé àgbà ìlú, ṣùgbọ́n kò gbé ẹrù náà jáde kúrò ní mairie, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìlú. Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdọọdún, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní 2013, wọn a wọ aṣọ kan náà, wọn a ka ìwé gígùn lórí ìlérí ọdún 2030, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa yàgbẹ́ síta mọ́, kí a sì ro ti obìnrin àti ọmọbìnrin ṣáájú. Ní ọjọ́ 20, ágádágodo kan náà ni.

A kò bèèrè fún ilé tuntun. Ohun tí a fẹ́ ni kí wọ́n dá ìtanràn náà dúró ní gbogbo àyíká tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ bá wà ní títì, títí wọn yóò fi ṣí i. Kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lọ́jà, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún omi àti fún fífa ṣáláńgá, kí owó náà má ṣe gba inú àpò mìíràn kọjá. Kí ìwé àdéhùn sọ ní kedere ẹni tí yóò pe ọkọ̀ àti ìgbà tí yóò pè é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ekpè ní Sèmè-Podji, lẹ́yìn òde ìlú wa, ni ìgbẹ́ tí wọ́n ń fà ní ìlú yìí ń lọ. Ọ̀nà náà ní iye tó ń jẹ, kò sì sí àǹfààní nínú ṣíṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. (Ní Ouando níhìn-ín kan náà, láti 1985, ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ oko Songhai ti ń fi hàn wá pé ìdọ̀tí lè di gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀, àlejò ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó, a kò mọ iye ìgbà tí àwọn aláṣẹ tiwa ti dé ibẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ṣáláńgá.) Kí ọmọdé, aboyún àti arúgbó má san nǹkan kan. Kí ibùdókọ̀ ní ibi tó ń ṣí lóru, nítorí pé ọkọ̀ kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́. Kí àwọn ìyálọ́jà sì wà nínú àwọn tí yóò yan ẹni tí a ó gbé ilé náà fún, nítorí pé àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí ọṣẹ bá tán.

Èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ná ìlú ní fáráǹkì kan. Kí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri mairie àti ti ilé-iṣẹ́ ẹkùn márààrún tó wà ní Àjàṣẹ́, kí wọ́n kọ gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò sí i, ibi tí ó wà, ẹni tí wọ́n gbé e fún, iye tí ó ń san, àti bóyá ó ṣí tàbí ó wà ní títì. Òfin sọ pé ìjókòó ìgbìmọ̀ ìlú kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀. Bí ìwé náà kò bá sí lára ògiri kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gba ìtanràn, oníròyìn wa yóò wà nínú ìjókòó tó bá tẹ̀ lé e, yóò bèèrè fún un, a ó sì tẹ èsì tí wọ́n bá fún un jáde ní ojú ìwé yìí, bí ó ti wù kí ó kúrú tó.