Kì í ṣe ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ń lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nídìí ìwé Fágúnwà

Láti Òkè-Fìà títí dé Òkè-Baálẹ̀, ibi yòówù tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń sọ̀rọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé ìtàn tí D. O. Fágúnwà kọ, l'Óṣogbo, ohun kan náà lẹ ó gbọ́: ìjìnlẹ̀ inú ẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹni tí kò bá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ kò lẹ́nu láti sọ èrò ọkàn rẹ̀ nípa rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wá àkékúrú ìtàn kiri, tí wọ́n ń dà á kọ. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ ṣí ẹ̀dà àtijọ́ wò. "Enia", "aiye", "nwọn", "onjẹ", "ẹiyẹ": akẹ́kọ̀ọ́ á fàlà sábẹ́ gbogbo wọn pé òun ò mọ̀ wọ́n. Ènìyàn, ayé, wọ́n, oúnjẹ àti ẹyẹ tó ń pè lójoojúmọ́ mà ni! Ọdún 1938 ni ìwé yìí jáde. Ọdún 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́, ìyẹn ìlànà ìkọ̀wé Yorùbá, tí wọ́n fi ń kọ́ni ní iléèwé báyìí. Bí "Oshogbo" ara pátákó ṣe jẹ́ Òṣogbo náà nìyẹn. Ẹ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, kí ẹ fi há inú ìwé náà. Níbi tí àmì ohùn kò bá sí, ẹ kà á sókè. Etí á mọ ohun tí ojú ò mọ̀.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tó ṣòro wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Fágúnwà fẹ́ràn kó máa to ọ̀rọ̀ léra, kó sọ nǹkan kan lọ́nà méjì mẹ́ta tẹ̀léra. Ẹni tó bá dúró wá atúmọ̀ èdè nídìí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò ní dé ibi tí ọ̀rọ̀ kejì ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ ka ojú ewé mẹ́rin láìdúró, kí ẹ má fàlà sábẹ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ lójú ewé kan, kí ẹ wá pa ìwé dé, kí ẹ kọ ìlà márùn-ún nípa ohun tó kù lọ́kàn yín, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọnù gan-an ni "mo". Akọ̀wé ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀; bí bàbá àgbàlagbà tó wá bá a bá ti ní kó mú gègé, "mo" ti di Akàrà-oògùn, ọdẹ tí í ṣe bàbá náà, nìyẹn. Tí àwọn ọdẹ bá dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ọlọ́gbọ́n, ẹlòmíì tún gba ọ̀rọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí etí ìwé nígbàkígbà tó bá yí padà.

Nínú èsì ọ̀rọ̀ irínwó, ìyẹn àròkọ tí ẹ fi ń sọ èrò ọkàn yín nípa ìwé náà, ọgọ́ta ti tó fún ìtàn. Ìyókù, ibi kan ṣoṣo ni kó dá lé, ibi tó dùn yín tàbí tó bí yín nínú. Ọmọ Òṣogbo tó mọ bí ara ṣe ń rí téèyàn bá wọ Igbó Ọ̀ṣun láàárọ̀ ní ohun tó lè fi wé ìgbà tí ọdẹ náà kọ́kọ́ wọ igbó. Kó má tijú láti kọ ọ́.

Àbí ẹ mú ikú ìyá Akàrà-oògùn. Ẹran tí bàbá rẹ̀ yìnbọn lù, ìyá ọmọ náà tó jẹ́ àjẹ́ ni. Ẹni tó bá kọ pé "ó kọ́ wa pé àjẹ́ ò dára" kò tíì fèsì kankan. Ẹ padà síbẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí ọmọ náà pè é ní "ìyá mi", kí ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e níbi kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.